Bí ẹ ṣe lè forúkọ òwò kékeré sílẹ̀ ní Ìbàdàn, àti owó orí tó kàn yín gan-an

Ẹni tó ń ta aṣọ ní Gbági, ẹni tó ń ránṣọ ní Bódìjà, ẹni tó ń ṣe POS ní Iwo Road, ẹni tó ń se oúnjẹ òde láti ilé rẹ̀ ní Àpáta, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń gbé wá: “Èló ni n ó san fún ìjọba?” Ìbéèrè kan wà tó yẹ kó ṣáájú ìyẹn: ìjọba wo? Ọwọ́ tó ń nà sí oníṣòwò kékeré pọ̀, ohun tí kálukú wọn sì lẹ́tọ̀ọ́ láti gbà yàtọ̀ síra. CAC (Corporate Affairs Commission, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀) ló ń kọ orúkọ òwò sílẹ̀, kì í gba owó orí. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló ni owó orí ẹni tó ń dá ṣòwò. Ìjọba àpapọ̀ ló ni owó orí kọ́ńpìnnì àti fáàtì (VAT, owó orí tí wọ́n ń lé sórí ọjà títà), Nigeria Revenue Service ló sì ń bá a gbà á. Òun ló rọ́pò FIRS tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀. Káńsù ló ni owó ọjà àti owó ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tí èyí kò bá yé, gbogbo ẹni tó bá gbé bébà wá ló máa ki ọwọ́ bọ àpò fún.

Òfin owó orí tuntun, tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà 2025, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2026. Nítorí náà, púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n sọ fún yín lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn ti yí padà. Èyí tó wà lóde báyìí ni mo fẹ́ sọ.

Orúkọ òwò ni àbí kọ́ńpìnnì?

Òfin CAMA 2020, ìyẹn òfin tó kan kọ́ńpìnnì àti orúkọ òwò, ló ń darí ọ̀rọ̀ ìforúkọsílẹ̀. Ó ní bó bá jẹ́ orúkọ yín àti orúkọ ìdílé yín nìkan lẹ fi ń ṣòwò, tí ẹ kò fi nǹkan kan kún un, kò di dandan kí ẹ forúkọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti lẹ “Fashion”, “Ventures” tàbí “and Sons” mọ́ ọn báyìí, ó di dandan nìyẹn, ọjọ́ 28 sì ni òfin fún yín láti ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ òwò.

Nínú orúkọ òwò, ẹ̀yin àti òwò yín kò yà sọ́tọ̀. Èrè, tiyín ni. Gbèsè náà, tiyín ni, ẹni tí òwò jẹ lówó lè wá ká yín mọ́lé. Kọ́ńpìnnì tó ní Ltd lẹ́yìn dá dúró lábẹ́ òfin: òun ló jẹ gbèsè tirẹ̀, òun náà ló ń san owó orí tirẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo lè dá a sílẹ̀ lábẹ́ òfin 2020 yìí, ìpín ìdókòwò rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kéré sí ₦100,000.

Lójú tèmi, orúkọ òwò tó fún èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn oníṣòwò kékeré tí mo mọ̀. Kọ́ńpìnnì dára fún ẹni tí òun àti ẹlòmíì jọ fẹ́ dáwó pọ̀, ẹni tó ń wá kọ́ńtíráàtì, tàbí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ tó jẹ́ pé àṣìṣe kan lè kó o sí gbèsè ńlá, bí iṣẹ́ ilé kíkọ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìwé tó ń bá Ltd rìn lọ́dọọdún pọ̀, àwọn tó ń polówó “Ẹ kúkú ṣe Ltd, òun ló ga” kì í sì í bá yín kọ ọ́. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ òwò lónìí kí ẹ dá kọ́ńpìnnì sílẹ̀ bí òwò bá gbòòrò.

Ẹ̀yin oní-POS, láti 2024 ni CAC ti ní kí ẹ forúkọ sílẹ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ pé “mo ṣì ń wò ó” ti kúrò níbẹ̀.

Kí ẹ tó dé orí ẹ̀rọ

NIN yín lẹ máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń há. Orúkọ tó wà lórí NIN ni CAC máa fà jáde, kì í ṣe èyí tí ará àdúgbò ń pè yín. Obìnrin tó ti lọ́kọ tó ń lo orúkọ ọkọ ní báńkì, tí NIN rẹ̀ sì ṣì wà lórúkọ bàbá rẹ̀, yóò gba sàtífíkéètì tán, báńkì yóò sọ pé àwọn kò mọ ẹni tó ni ín. Ọjọ́ ìbí tí wọ́n kọ láṣìṣe náà ń dá wàhálà sílẹ̀. Bó bá jẹ́ NIN ló yẹ ní títún ṣe, ẹ tún un ṣe ná; bó bá jẹ́ ti báńkì ni, ẹ lọ sí báńkì. Ẹ má ṣe sọ pé ẹ máa padà wá ṣe é.

Orúkọ ló kàn. Ẹ mú méjì dání, nítorí CAC lè kọ àkọ́kọ́. Ẹ wá a wò lójú òpó CAC níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè wá orúkọ, ọ̀fẹ́ ni. “God’s Grace Ventures” àti “Àdùkẹ́ Fashion” kò sí nílẹ̀ mọ́, ẹlòmíì ti mú wọn lọ. Ohun tó máa ń jẹ́ kí orúkọ wọlé ni kó ní nǹkan kan tó dá yàtọ̀: orúkọ oríkì tí kò wọ́pọ̀, tàbí iṣẹ́ yín gan-an. Ẹ má sì ṣe fi “Federal”, “National”, “State”, “Cooperative”, “Group” tàbí “Holdings” sí i, nítorí ẹ kò lè lo àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí láìgba àṣẹ. Bí wọ́n bá gba orúkọ, ọjọ́ 60 ni wọ́n fi máa pa á mọ́ fún yín. Bí ẹ kò bá parí ìforúkọsílẹ̀ láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, ẹlòmíì lè gbà á.

Kíkọ fọ́ọ̀mù

Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni gbogbo rẹ̀. Ẹ lè ṣe é fúnra yín lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, ẹ lè gbé e fún lọ́yà tàbí akáńtáǹtì tí CAC fún láṣẹ, ẹ sì lè lọ sí ọ̀kan nínú àwọn kafé tó wà ní Agbowó tàbí Dùgbẹ̀. Bí ẹ bá lọ sí kafé, ohun kan ni mo fi ń bẹ yín: ẹ lo ímeèlì tiyín àti nọ́ńbà fóònù tiyín. Ọmọ kafé máa ń fi ímeèlì tirẹ̀ sí i kí iṣẹ́ lè yá. Sàtífíkéètì máa jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún kan tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ àdírẹ́sì, àkántì tó ni òwò yín lójú òpó CAC ti wà lọ́wọ́ ọmọ tó ti kó lọ sí Lagos.

Ohun tí ẹ máa kó dání kò pọ̀: NIN, fọ́tò pélébé, ìbuwọ́lù lórí bébà funfun, àdírẹ́sì ilé àti ti ṣọ́ọ̀bù, pẹ̀lú irú iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe. Ti àdírẹ́sì yẹn gba sùúrù ní Ìbàdàn tiwa yìí. “Ẹ̀yìn mọ́sálásí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹlẹ́kọ” lè gbé ọlọ́kadà délé, fọ́ọ̀mù kò ní gbà á. Bí ilé kò bá ní nọ́ńbà, ẹ wo bílì iná IBEDC, kí ẹ kọ àdírẹ́sì bó ṣe wà níbẹ̀, lẹ́tà sí lẹ́tà, nítorí bílì yẹn kan náà ni báńkì máa béèrè lọ́wọ́ yín lọ́la.

Níbi irú iṣẹ́, ẹ má ṣe há ara yín mọ́. Ẹni tó ń ránṣọ tó sì ń ta aṣọ, kó kọ méjèèjì.

Iye tí CAC ń gbà máa hàn lójú òpó kí ẹ tó san án, orí ẹ̀rọ náà lẹ sì máa ti san án. Owó iṣẹ́ ẹni tó bá yín ṣe é yàtọ̀ sí ìyẹn. Ẹ ní kó yà á sọ́tọ̀ fún yín, kó sì fi ríṣíìtì CAC hàn yín. Bí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i, ẹ̀yin lẹ máa wa sàtífíkéètì náà jáde, ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ fi ọ̀kan kọ́ sí ara ògiri ṣọ́ọ̀bù níbi tí ojú ti lè rí i. Ẹ wa ìwé ipò òwò jáde pẹ̀lú rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní “status report”, nítorí ó ṣeé ṣe kí báńkì béèrè méjèèjì.

Lẹ́yìn èyí, ẹni tó ní orúkọ òwò gbọ́dọ̀ máa fi ìwé ọdọọdún ránṣẹ́ sí CAC, ó pẹ́ tán ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà. Ọdún tí ẹ forúkọ sílẹ̀ nìkan ni wọ́n yọ kúrò. Bí ẹ kò bá ṣe é, ẹnikẹ́ni tó bá wá orúkọ yín yóò rí “INACTIVE” lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, owó ìjìyà yóò sì máa gorí ara wọn. Sàtífíkéètì yín á sì ṣì wà lára ògiri níbẹ̀ o.

Àkántì báńkì àti nọ́ńbà owó orí

Lábẹ́ ètò tuntun, NIN ni nọ́ńbà owó orí ẹni tó ń dá ṣòwò. Nọ́ńbà RC, èyí tí CAC fún un nígbà ìforúkọsílẹ̀, ni ti kọ́ńpìnnì. Ẹ kò ní láti san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá ní òun fẹ́ bá yín “gba TIN”.

Ẹ ṣí àkántì lórúkọ òwò, kí owó oníbàárà máa wọ ibẹ̀ nìkan. Ẹ jẹ́ kí owó àjọ, owó tí ọmọ fi ránṣẹ́ láti Kánádà, àti owó ẹgbẹ́ aṣọ ẹbí máa wọ àkántì ti ara yín. Ìdí rẹ̀ ni pé òṣìṣẹ́ owó orí tó bá béèrè ìwé báńkì yín kò mọ̀ pé àjọ ni ₦600,000 tó wọlé lọ́jọ́ kan. Ọjà títà ló máa pè é, ẹ̀yin lẹ sì máa wá ẹ̀rí pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìwé owó

Bó bá jẹ́ pé ohun kan ṣoṣo lẹ máa mú nínú gbogbo ohun tí mo kọ, kó jẹ́ èyí. Òfin owó orí tuntun ṣàánú oníṣòwò kékeré tó ní àkọsílẹ̀. Ẹni tí kò ní, òṣìṣẹ́ owó orí ló máa fojú bu iye tó jẹ fún un, ojú tó sì fi bù ú lè jẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù ńlá tó wà ní iwájú.

Kò dìgbà tí ẹ bá ra kọ̀ǹpútà. Ìwé ìkọ̀wé kan tó nípọn ti tó. Ẹ wo bí ọjọ́ kan ṣe lè rí nínú ìwé télọ̀:

“Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ìró àti bùbá méjì, ₦24,000. Ó san ₦15,000, ó ku ₦9,000. Òwú àti síìpù ní Ògùnpa, ₦6,500, kò sí ríṣíìtì, nọ́ńbà ẹni tó tà á wà lẹ́yìn ìwé. Pẹtiróòlù, ₦5,000. Mo mú ₦10,000 fún oúnjẹ ilé.”

Iṣẹ́ ₦24,000 ni òwò ṣe lọ́jọ́ náà, bí gbogbo owó kò tilẹ̀ tíì wọlé. Ẹ kọ gbèsè sílẹ̀ kó má baà di ohun ìgbàgbé. Òwú, síìpù àti pẹtiróòlù jẹ́ ìnáwó òwò, a máa yọ wọ́n kúrò kí á tó ṣírò èrè. Níbi tí ẹni tó ń ta òwú kò bá ti ní ríṣíìtì, ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀, tàbí kí ẹ fi tiransifáà san án kí báńkì lè jẹ́rìí. Ṣùgbọ́n ₦10,000 oúnjẹ ilé kì í ṣe ìnáwó òwò. Owó tí ẹ mú nínú èrè yín ni. Owó ilé ìwé ọmọ náà bẹ́ẹ̀, aṣọ òde náà bẹ́ẹ̀. Níbí ni àṣìṣe ti ń pọ̀ jù, ẹni tí òwò rẹ̀ ń lọ dáadáa á máa sọ pé òun kò jèrè nítorí pé ó ti jẹ èrè náà tán kó tó kà á.

Ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun tún yàtọ̀. Ẹ kò lè yọ gbogbo owó rẹ̀ lọ́dún kan, díẹ̀díẹ̀ ni òfin fi ń gbà á láàyè. Owó yíyá náà: èlé orí rẹ̀ jẹ́ ìnáwó, ojú owó tí ẹ dá padà kì í ṣe ìnáwó.

Ọdún mẹ́fà ni kí ẹ fi pa ìwé wọ̀nyí mọ́. Ẹ rántí pé omi Ògùnpa ti kó ilé mìíràn lọ rí ní ìlú yìí, kí ẹ máa ya fọ́tò ojú ìwé náà lóṣooṣù sórí fóònù, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ímeèlì ara yín.

Ṣíṣírò owó orí

Ẹ jẹ́ ká mú télọ̀ yẹn dé òpin ọdún. Ká ní iṣẹ́ tó ṣe lọ́dún jẹ́ ₦6,200,000. Òwú, láínì àti síìpù gba ₦1,650,000. Owó ṣọ́ọ̀bù, ₦420,000. Iná àti pẹtiróòlù, ₦610,000. Ọmọ iṣẹ́ méjì ń gba ₦50,000 lóṣù, ìyẹn ₦1,200,000 lọ́dún fún àwọn méjèèjì. Àtúnṣe ẹ̀rọ àti owó ọkọ̀, ₦120,000. Àpapọ̀ ìnáwó jẹ́ ₦4,000,000, èrè rẹ̀ sì jẹ́ ₦2,200,000.

Ó ń háyà ilé tó ń gbé ní ₦350,000 lọ́dún. Òfin ní kí á yọ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé kúrò nínú èrè rẹ̀, kó má ṣáà ju ₦500,000 lọ. Ti télọ̀ yìí jẹ́ ₦70,000, ó ku ₦2,130,000. Owó ilé gbígbé ni èyí o, owó ṣọ́ọ̀bù ti wà nínú ìnáwó lókè. Ẹ má ṣe da méjèèjì pọ̀, kí ẹ sì gba ríṣíìtì lọ́wọ́ lánlọ́ọ̀dù. Ẹni tó bá ń san owó ìfẹ̀yìntì, ìbánigbófò ìlera tàbí ti ẹ̀mí lè yọ ìyẹn náà.

₦800,000 àkọ́kọ́ kò ní owó orí kankan lórí. ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e, ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ti télọ̀ wa ku ₦1,330,000 lẹ́yìn tí a yọ ₦800,000, ìdá 15 rẹ̀ sì jẹ́ ₦199,500. Iye tó máa san fún ọdún náà nìyẹn. Ẹni tí èrè rẹ̀ bá ga ju ₦3,000,000 lọ yóò san ìdá 18 lórí ₦9,000,000 tó tẹ̀ lé e, ó sì ń gòkè bẹ́ẹ̀ títí tó fi dé ìdá 25 lórí ohun tó bá lé ní ₦50,000,000.

Ká ní télọ̀ kan náà kò kọ nǹkan kan sílẹ̀, tí òṣìṣẹ́ wo ìwé báńkì tó rí ₦6,200,000 tó wọlé, ẹ̀yin náà lè ṣírò ibi tó máa já sí.

Fífi ìwé ránṣẹ́ sí ìpínlẹ̀

Ibi tí ẹ ń gbé ló ń pinnu ìpínlẹ̀ tó ni owó orí yín. Ẹni tó ń gbé ní Ìbàdàn tó ń ra ọjà ní Lagos, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló ni tirẹ̀. Ilé iṣẹ́ owó orí ìpínlẹ̀, OYSIRS, lẹ máa kọ̀wé sí, ìwé ti ọdún tó kọjá sì gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn ó pẹ́ tán ọjọ́ 31 oṣù Kẹta. Ẹni tí èrè rẹ̀ kò tó ₦800,000 náà ní láti kọ ọ́. Òdo lẹ máa san, ṣùgbọ́n ìwé gbọ́dọ̀ lọ. Owó ìjìyà àìfi ìwé ránṣẹ́ jẹ́ ₦100,000 fún oṣù àkọ́kọ́ àti ₦50,000 fún oṣù kọ̀ọ̀kan tó bá tẹ̀ lé e. Ẹni tí kò tilẹ̀ forúkọ sílẹ̀ fún owó orí rárá, ₦50,000 fún oṣù àkọ́kọ́ àti ₦25,000 lóṣooṣù lẹ́yìn rẹ̀.

Bí ẹ bá ní òṣìṣẹ́ tí owó ọdún rẹ̀ ti wọ ibi tí owó orí bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa yọ ọ́ nínú owó oṣù rẹ̀, kí ẹ san án kí ọjọ́ 10 oṣù tó tẹ̀ lé e tó kọjá. Ìwé gbogbo òṣìṣẹ́ fún ọdún máa ń lọ ó pẹ́ tán ọjọ́ 31 oṣù Kìíní. Ọmọ iṣẹ́ tó ń gba ₦50,000 kò jẹ ohunkóhun, ₦600,000 péré ni tirẹ̀ lọ́dún.

Bí OYSIRS bá fi ìwé gbèsè ránṣẹ́ tí iye rẹ̀ kò bá yé yín, ẹ má ṣe jù ú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ ní ọjọ́ 30 láti kọ̀wé takò ó, kí ẹ sọ iye tí ẹ̀yin rò pé ó tọ́, kí ẹ sì so ẹ̀dà ìwé owó yín mọ́ ọn. Bí ọjọ́ yẹn bá kọjá láìdáhùn, iye tí wọ́n kọ ni yóò dúró.

Bí ẹ bá ti san án, ẹ béèrè ìwé ẹ̀rí owó orí tó kó ọdún mẹ́ta sẹ́yìn pọ̀. Òun ni wọ́n máa ń béèrè níbi kọ́ńtíráàtì ìjọba àti níbi ìwé ilẹ̀. Ẹni tó bá dúró di ọjọ́ tó nílò rẹ̀ ni wọ́n ń gba owó ọdún mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Fáàtì àti kọ́ńpìnnì

Òwò tí ọjà títà rẹ̀ kò ju ₦100,000,000 lọ lọ́dún, tí ohun ìní rẹ̀ tí kì í ṣe títà kò sì ju ₦250,000,000 lọ, kò ní láti gba fáàtì lọ́wọ́ oníbàárà. Ẹ má ṣe wá lẹ ìdá 7.5 mọ́ owó oúnjẹ kí ẹ fi sápò.

Kọ́ńpìnnì tó bá wà ní ìwọ̀n yìí kì í san owó orí kọ́ńpìnnì, àfi àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n bíi lọ́yà àti akáńtáǹtì. Àìsan kì í ṣe àìkọ o: ó gbọ́dọ̀ fi ìwé ránṣẹ́ sí Nigeria Revenue Service láàárín oṣù mẹ́fà lẹ́yìn òpin ọdún ìṣúná rẹ̀, owó orí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì ṣì jẹ́ ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà

Káńsù 11 ló wà ní Ìbàdàn, ẹni tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bá sì wà ní ààlà méjì mọ ohun tí mo ń sọ. Ẹ wádìí èyí tó ni àdúgbò yín, òun nìkan lẹ máa san owó ṣọ́ọ̀bù fún. Ẹni tó bá dé pẹ̀lú ìwé gbèsè, ẹ gba ìwé náà, ẹ wo orúkọ ilé iṣẹ́, ọdún tó wà fún àti ohun tí wọ́n ní ẹ jẹ, kí ẹ sọ pé ẹ máa wá san án ní báńkì tàbí lójú òpó wọn. Òṣìṣẹ́ gidi kò ní bínú sí èyí. Ẹni tó bá ní kí ẹ fi nǹkan kan síbẹ̀ kí òun má baà ti ṣọ́ọ̀bù yín, ẹ kò jẹ ẹ́ ní nǹkan kan. Ẹ má ṣe fi owó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ẹ má sì ṣe tiransifáà sí àkántì tó ní orúkọ ènìyàn. Ẹ jẹ́ kí ìyálọ́jà tàbí bàbálọ́jà mọ̀ sí i, wọ́n sábà máa ń mọ ojú àwọn òṣìṣẹ́ gidi.

Bí ẹ bá fẹ́ pa òwò tì

Ẹ má kàn ti ilẹ̀kùn kí ẹ máa lọ. Ẹ kọ̀wé sí CAC lójú òpó wọn pé òwò ti dúró, nítorí bí kò bá sí ìwé yẹn, lójú wọn, ẹ ṣì jẹ wọ́n ní ìwé ọdọọdún. Ẹ kọ̀wé sí OYSIRS pẹ̀lú, kí ẹ fi ìwé oṣù tí ẹ fi ṣòwò lọ́dún náà ránṣẹ́, kí ẹ sì lọ sí káńsù láti yọ ṣọ́ọ̀bù yín kúrò nínú ìwé wọn. Bó bá jẹ́ àdírẹ́sì nìkan lẹ pààrọ̀, bóyá ẹ kó kúrò ní Mọ́kọ́lá lọ sí Ọ̀jọ́ọ̀, ọjọ́ 28 lẹ ní láti sọ fún CAC. Ọ̀jọ́ọ̀ sì lè jẹ́ ti Akínyẹlé, ẹ wádìí káńsù tuntun kí ẹ tó san owó ọdún fún ẹnikẹ́ni.